Ẹ Má Fi Ẹsẹ̀ Kámẹ́rà Bàbá Yín Dáná

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó ń gbé Túngà, ọ̀rọ̀ kan ń dùn wá.

Ọmọ olóògbé onífọ́tò kan gbé kámẹ́rà onípákó bàbá rẹ̀ wá, pé ká gbé e sí gbọ̀ngàn ìpàdé wa. Inú wa dùn. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ń dúró lé ńkọ́? Wọ́n ti fi dáná.

A ra tuntun lọ́jà, kò bá a mu. Súkúrù ẹsẹ̀ kámẹ́rà òde òní sábà máa ń jẹ́ ínṣì 1/4. Ihò tiwa jẹ́ 3/8. Ẹnìkan mú ti àwọn tó ń wọn ilẹ̀ wá, 5/8 ni tiyẹn, ó tóbi jù. Òrùka kékeré kan wà tó lè mú ihò ńlá gba súkúrù kékeré, àmọ́ ẹsẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò lè gbé ẹrù wúwo. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, bí ààrò bá lágbára ni.

Rélùwéè ló gbé ọ̀pọ̀ bàbá wa dé Minna, tipẹ́ kó tó di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Niger ní 1976. Bí wọ́n bá bi wá pé ìgbà wo la dé, fọ́tò àti irinṣẹ́ wọn wà lára ẹ̀rí wa.

Nítorí náà, ẹ wo òkè àjà, ẹ wo ẹ̀yìnkùlé. Ẹ má ya kámẹ́rà àti ẹsẹ̀ rẹ̀ nípa. Ẹni tó bá ní ẹsẹ̀ àtijọ́ tó fẹ́ tà, kó mú un wá ká dán an wò. A ó san owó rẹ̀.