Ẹbí Wo Ló Ń Gé Owó Oṣù Ọmọ Ìyá Rẹ̀?

Kí n tó jókòó ni mo ti fẹ́ sọ ọ́: ilé-ìwé tó bá ń gé owó oṣù tíṣà nítorí pé ó pẹ́ dé, kò ní ọ̀gá. Agbowó-òde ló ní.

Obìnrin kan tó ni ilé-ìwé aládàáni ní agbègbè Lekki ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Níbi ìpàdé kan tí a ti ń dárò bí àwọn tíṣà ṣe ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín sáà, Madam dìde, wọ́n tún gèlè ṣe, wọ́n ní àṣírí tiwọn ni pé ẹbí kan ṣoṣo ni gbogbo wọn nílé-ìwé náà. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn aago méje ààbọ̀, ẹgbẹ̀rún náírà kan ti lọ nínú owó oṣù rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń bínú, torí owó ìtanràn náà làwọn fi ń ra kéèkì fún wọn ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹwàá, Àyájọ́ Ọjọ́ Olùkọ́ Lágbàáyé. Àwọn èèyàn sì pàtẹ́wọ́!

Kéèkì! Ẹ gbà mí o. Àwọn àgbà ní ẹni tí wọ́n bá fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀. Tiwa yìí tún yàtọ̀: wọ́n fọ́ ọ tán, wọ́n bu bíńtín fún un, wọ́n tún ní kó rẹ́rìn-ín dáadáa kí àwọn ya fọ́tò, torí àwọn òbí máa rí i lórí Instagram. Ẹbí wo nìyẹn? Èmi náà ní ẹbí. Bí àbúrò mi bá pẹ́ dé òde, ohun tí a kọ́kọ́ ń bi í ni pé ṣé kò sí nǹkan. A kì í ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lápò. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ Madam, ẹbí ni wọ́n nígbà tí iṣẹ́ Sátidé bá dé láìsí owó. Ẹbí ni wọ́n nígbà tí ìpàdé bá di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ẹbí ni wọ́n nígbà tí òbí bá fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp láago mọ́kànlá òru. Ọjọ́ owó oṣù nìkan ni wọ́n ń di òṣìṣẹ́.

Ta ló tiẹ̀ ń pẹ́? Tíṣà tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́rọ̀ ní Lekki kò lè gbé Lekki. Apá rẹ̀ kò ká owó ilé ibẹ̀. Awoyaya ló ń gbé, tàbí kó máa wọ ọkọ̀ ojú omi láti apá Ìkòròdú wá sí Badore. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tó ti jáde. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, sún kẹrẹ fà kẹrẹ á ti mú un láti Ṣàngótẹ̀dó. Ó dúró sí ibùdókọ̀ Abraham Adesanya, bàtà lọ́wọ́, ni bọ́ọ̀sì ilé-ìwé tirẹ̀ gan-an bá kọjá lójú rẹ̀, àga mẹ́rin ṣófo nínú rẹ̀. Wọ́n ní ọkọ̀ àwọn ọmọ ni, tíṣà kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Nígbà tó máa fi dé géètì, ọlọ́dẹ ti na báírò pupa sí i: “Àǹtí, ẹ kọ orúkọ yín síbí.” Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

    

Àwọn bíi Madam á ní bí kò bá sí ìtanràn, kò lè sí ìbáwí. Irọ́ ni. Ta ló le ju Ransome-Kuti lọ, ẹni tó darí Abẹ́òkúta Grammar School láti 1932 dé 1954? Òun kan náà ni ààrẹ àkọ́kọ́ NUT, ẹgbẹ́ olùkọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1931. Ọ̀gá ilé-ìwé ni, òun ló tún ń jà fún owó àti iyì tíṣà. Ní Lekki lónìí, tíṣà tó bá dárúkọ NUT, kó yáa máa wá iṣẹ́ míì.

Abala karùn-ún Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa kọ̀ fún agbanisíṣẹ́ láti gé owó òṣìṣẹ́ fún ìtanràn. Lọ́yà wọn á sáré dáhùn pé òfin yẹn kò kan tíṣà, torí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ni. Ó dáa bẹ́ẹ̀! Ẹ san owó akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ fún un nígbà náà. Ní 2024 ni Ìjọba Èkó fi 85,000 náírà ṣe owó oṣù tó kéré jù fún òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ẹ lọ béèrè iye tí tíṣà nọ́sìrì ń gbà nílé-ìwé tó ń gba mílíọ̀nù lórí ọmọ kan.

Ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ń sanwó lọ́jọ́ tó dá. Ó ń gbé tíṣà sínú bọ́ọ̀sì tó ń gba ọ̀nà ilé rẹ̀ kọjá. Bí ẹnì kan bá ń pẹ́ ṣáá, á pè é sí kọ̀rọ̀, á bi í léèrè. Bí kò bá ní àwíjàre, á kọ ìwé ìkìlọ̀ fún un. Bí òbí bá sọ̀ kalẹ̀ nínú jíìpù wá bú tíṣà níwájú kíláàsì, òun ló máa dúró sí àárín wọn. Níbẹ̀ ni tíṣà ti ń mọ̀ pé òun ní ẹ̀yìn, ìdí tí kò fi ní lọ nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá lè ṣe ìyẹn, ẹ yọ “ẹbí” kúrò lára bọ́ọ̀dù ilé-ìwé yín. Iye ìtanràn ni kí ẹ kọ síbẹ̀, kí òbí tó ń san mílíọ̀nù lè mọ̀ pé kò tó yín, àfi kí ẹ tún gba ẹgbẹ̀rún kan lọ́wọ́ tíṣà ọmọ rẹ̀.