Ojú Mẹ́wàá Kò Jọ Ojú Ẹni

Ojú mẹ́wàá kò jọ ojú ẹni. Kò sí ọmọ Yorùbá tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó máa túmọ̀ èyí fún. Ẹni tó bá ti rán èèyàn lọ ra aṣọ lọ́jà rí mọ̀ pé bí ọ̀pọ̀ èèyàn tilẹ̀ bá a wò ó, ọkàn òun kò ní balẹ̀ títí òun yóò fi fojú ara òun rí i. Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi kọjá ti aṣọ, inú ilé ìfowópamọ́ kan ní agbègbè Orílé Ìgànmú ni mo sì ti bá a pàdé láìpẹ́ yìí.

Bàbá kan ló wà níwájú mi lórí ìlà, ọ̀pá funfun lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ gba káàdì tuntun fún àkáǹtì rẹ̀. Ọmọbìnrin tó wà ní káńtà fa fọ́ọ̀mù yọ, ó mú ọwọ́ bàbá, ó gbé e sí ìsàlẹ̀ ìwé náà: "Daddy, ẹ tẹ̀ka síbí." Bàbá ní kó ṣe sùúrù. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó ki íápíìsì bọ etí kan, ó tẹ́ fọ́ọ̀mù náà sílẹ̀ dáadáa, ó wá ń gbé fóònù sókè díẹ̀díẹ̀ lórí rẹ̀ títí fóònù fi sọ fún un pé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìwé ti wọlé. Kò tíì ka ìlà mẹ́ta tí síkúrítì fi pariwo láti ẹnu ọ̀nà pé a kì í ya fọ́tò níbẹ̀. Bàbá ṣàlàyé pé òun kò ya fọ́tò, ìwé ni òun ń kà. Ọmọbìnrin náà fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í pé, "Daddy, ṣé ẹ ò lẹ́nì kankan nílé tó lè bá yín kà á ni?" Bàbá ní, "Mo ní, ọmọ mi. Òun ló wà lọ́wọ́ mi yìí." Wọn kò gbà. Wọ́n ní kó padà wá pẹ̀lú ọmọ tàbí ìbátan rẹ̀ kan tó ríran, kí ìyẹn kà á fún un, kí ó sì buwọ́ lù ú pẹ̀lú rẹ̀.

Mo ti dá ẹjọ́ yẹn kí n tó kúrò lórí ìlà, n kò sì tíì rí ìdí tí n ó fi yí i padà. Wọ́n rẹ́ bàbá yẹn jẹ. Owó rẹ̀ ni, àkáǹtì rẹ̀ ni, orí rẹ̀ ni wàhálà yóò sì já lé bí ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù bá bí wàhálà. Kí ló dé tí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn yóò fi mọ ohun tó wà nínú ìwé kí ẹni tó ni ín tó mọ̀ ọ́n?

Ẹ̀yin tí ẹ ríran, ẹ fara balẹ̀ ro ohun tí à ń sọ nígbà tí a bá ní kí afọ́jú lọ wá ẹni tí yóò bá a kàwé. Ọmọ tó ń ka lẹ́tà fún bàbá rẹ̀ lè fo ibi tí kò bá wù ú. Aládùúgbò tó bá ìyá ka èsì àyẹ̀wò ọsibítù, kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo ojúlé ti mọ àrùn tó ń ṣe ìyá. Onílé lè lẹ ìwé ọjọ́ méje tí òfin ayálégbé Èkó ti ọdún 2011 là sílẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Bí ẹni tó kọ́kọ́ rí i bá ní nǹkan nínú, tó dákẹ́, ilé ẹjọ́ ni ayálégbé tí kò ríran yóò ti gbọ́. Igo oògùn méjì lè jọra lọ́wọ́, kí ọ̀kan ti kọjá àkókò rẹ̀ láti ọdún tó lọ. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n bá òun kàwé lójoojúmọ́ kì í lè bínú sí ẹni tó ń bá a kà á, bó tilẹ̀ fura pé onítọ̀hún ń parọ́ fún òun. Bó bá bínú lónìí, ta ni yóò kà á fún un lọ́la? Ojú mẹ́wàá ló yí i ká, kò sì sí ẹyọ kan tó lè pè ní tirẹ̀.

Ohun tí bàbá yẹn gbé sókè kì í ṣe ohun ìṣeré. Kámẹ́rà fóònù yóò ya àwòrán ojú ìwé, áàpù inú rẹ̀ yóò ya lẹ́tà sọ́tọ̀ kúrò lára ìlà, òǹtẹ̀ àti ìdọ̀tí, yóò so lẹ́tà pọ̀ di ọ̀rọ̀, ohùn ẹ̀rọ yóò sì kà á jáde. Oṣù kìíní ọdún 1976 ni Ray Kurzweil, ará Amẹ́ríkà, fi ẹ̀rọ tó ń ka ìwé títẹ̀ sókè fún afọ́jú han ayé. Ó gba orí tábìlì kan tán, owó rẹ̀ sì tó 50,000 dọ́là. Stevie Wonder, ìlúmọ̀ọ́ká akọrin tí kò ríran, ló kọ́kọ́ ra ọ̀kan. Ẹ̀yin ará Ìgànmú, ẹ tún gbọ́: níbẹ̀rẹ̀ ọdún 1977, nígbà FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn adúláwọ̀, tí ilé ìṣeré ńlá tó rí bí fìlà ọ̀gá ológun ní àdúgbò wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn yinrin, Stevie Wonder yìí kan náà wá sí Èkó. Èkó ló wà ní oṣù kejì tí wọ́n ń pín ẹ̀bùn Grammy ní Amẹ́ríkà, sátẹ́láìtì ni wọ́n fi wá a kàn. Ẹni tó ti ní ẹ̀rọ ìkàwé tirẹ̀ nílé ti tẹ ilẹ̀ Èkó láti bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Lónìí, à ń sọ fún ọmọ Ìgànmú pé kó lọ wá ojú olójú wá sí káńtà.

Ẹ̀rọ náà kò sì dúró lórí tábìlì. Ní 2008, Kurzweil àti ẹgbẹ́ àwọn afọ́jú Amẹ́ríkà, National Federation of the Blind, gbé e wọ inú fóònù Nokia. Ní 2017, Microsoft gbé áàpù Seeing AI jáde lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n orí iPhone nìkan ló wà, owó iPhone sì ju agbára ọ̀pọ̀ èèyàn lọ ní Orílé. Google gbé Lookout síta fún Android ní 2019, Amẹ́ríkà ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìparí ọdún 2023 ni Seeing AI náà tó dé orí Android. Ohun tí ẹgbàágbèje dọ́là kò fi bẹ́ẹ̀ rà nígbà FESTAC ti wà lọ́fẹ̀ẹ́ báyìí nínú fóònù tí wọ́n ń tà ní Computer Village ní Ìkẹjà. Be My Eyes náà wà, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Denmark ní 2015, tí àjèjì tó ríran ń bá afọ́jú wo ohun tó wà níwájú kámẹ́rà. Ó dára fún mímọ àwọ̀ aṣọ. Ṣùgbọ́n ojú olójú náà ni, n kò sì ní í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó fi nọ́ńbà àkáǹtì hàn án.

Ẹnì kan sọ fún mi pé fóònù pàápàá kì í ṣe ojú ẹni, pé ó máa ń ṣì kà. Ó máa ń ṣì kà lóòótọ́. Èmi tí mo ríran náà máa ń ṣì kà, kò sì sí báǹkì tó ní kí n lọ mú ẹ̀gbọ́n mi wá. Bí fóònù bá ṣì í kà, bàbá yóò tún un gbé sókè. Fóònù kò bá a du ogún, kò ní í gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé. Mo fi ìyẹn sílẹ̀ síbẹ̀.

Òfin gan-an kò sí lẹ́yìn àwọn ará báǹkì yẹn. Láti 2011 ni Èkó ti ní òfin tirẹ̀ fún àwọn tó ní ìpèníjà ara, òun náà ló dá LASODA, ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ wọn, sílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ìjọba àpapọ̀ tó ka yíya irú wọn sọ́tọ̀ léèwọ̀: ilé iṣẹ́ tó bá tẹ̀ ẹ́ lójú yóò san mílíọ̀nù kan náírà, ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò san 100,000 náírà, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Ní 2017, Nàìjíríà tún wọ inú àdéhùn Marrakesh ti ọdún 2013, èyí tí Stevie Wonder lọ kọrin níbẹ̀ nígbà tí wọ́n parí rẹ̀. Àdéhùn yẹn fàyè gbà á pé kí a sọ odindi ìwé òǹkọ̀wé di èyí tí afọ́jú lè kà láìjẹ́ pé a tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Bí odindi ìwé bá lè rí bẹ́ẹ̀, kí ni a ó wí nípa fọ́ọ̀mù káàdì?

Ṣùgbọ́n bí mo ti ń rò ó síwájú, mo rí i pé òwe ojú mẹ́wàá kò gbé ọ̀rọ̀ yìí débi tó ń lọ. Síkúrítì lè gbà lọ́la, kí fọ́ọ̀mù náà má sì ṣeé kà. Òwe mìíràn ló mọ ibẹ̀: ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn fẹ̀gún sọ́wọ́, ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú fata sẹ́nu. Àwa tí a ríran, tí à ń kọ̀wé, tí à ń tẹ̀wé, ẹnu wa ni ata wà.

Ẹ wo fọ́ọ̀mù tí wọ́n ṣe fótókọ́pì rẹ̀ lórí fótókọ́pì títí ìdajì lẹ́tà fi parẹ́. Ẹ wo lẹ́tà wínniwínni tí wọ́n kó sí ìsàlẹ̀ ìwé, níbi tí owó tí wọn yóò yọ lápò ẹni máa ń sá sí. Ẹ wo rìsíìtì tí wọ́n fọwọ́ kọ, tí bébà kábọ̀n gbé ìkejì rẹ̀ fírífírí, àti òǹtẹ̀ tí wọ́n lù mọ́ orí iye owó gan-an. Áàpù yóò kàn máa ka ohun tí kò nítumọ̀ jáde ni. Lórí WhatsApp ńkọ́? Ẹgbẹ́ àdúgbò, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìwé ọmọ, gbogbo wọn ti sọ ìkéde di àwòrán aláràbarà. TalkBack, tó ń ka gbogbo ohun tí a bá tẹ̀ sójú fóònù Android, lè dé orí àwòrán náà, kó ní fọ́tò ni, kó sì kọjá lọ. Ẹni tí kò ríran yóò wá gbé àwòrán yẹn lọ sínú Lookout kí ó tó mọ̀ pé wọ́n ti yẹ ìpàdé sí ọjọ́ mìíràn. Kí ló ṣòro nínú kí ẹni tó fi àwòrán ránṣẹ́ tẹ ọ̀rọ̀ kan náà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀?

Ti èdè wa ló dùn mí jù. Bí o bá gbé ìwé ìsìn Yorùbá sábẹ́ kámẹ́rà, ohùn Gẹ̀ẹ́sì inú fóònù a máa kà á gátagàta, dídún ọ̀rọ̀ á bàjẹ́, ìtumọ̀ á sá lọ. Ohùn ẹ̀rọ tó gbọ́ Yorùbá dénú la nílò, àwọn ọmọ wa tó mọ kọ̀ǹpútà ló sì yẹ kó mú un ní ọ̀kúnkúndùn. Ṣùgbọ́n àwa òǹkọ̀wé ńkọ́? À ń tẹ Yorùbá jáde láìfi àmì sí i, torí ẹni tó ríran yóò fi ọgbọ́n orí rò ó já. Ọjọ́ tí ohùn Yorùbá tó dára bá wọ inú fóònù wa, ìwé wa tí kò lámì ni yóò kọ́kọ́ kọ̀ fún un.

Ẹnì kan lè ní, Braille ńkọ́? Ní Súrùlérè, tí kò jìnnà sí wa rárá, ilé ẹ̀kọ́ Pacelli ti ń kọ́ àwọn ọmọ tí kò ríran láti 1962. Braille, ìwé tí à ń fọwọ́ bà kà, ni wọ́n fi ń mọ lẹ́tà, kò sì sí áàpù tó yẹ kó gba Braille lọ́wọ́ ọmọ tó ń kọ́ sípẹ́lì. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wọ̀nyí ń dàgbà, wọ́n ń wọ yunifásítì, wọ́n ń gbaṣẹ́, wọ́n ń gbalé. Ìwé tí ayé ń nà sí wọn níta kì í ṣe Braille.

Ẹ̀yin ọ̀gá báǹkì, ẹ sọ fún síkúrítì yín pé ẹni tó gbé fóònù sórí ìwé tirẹ̀ ń kàwé ni. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù kámẹ́rà, ẹ fún un ní àga ní igun kan tí ìwé oníbàárà mìíràn kò sí. Ẹ fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ títẹ̀, ẹ má sọ ọ́ di àwòrán, kó lè kà á nílé ní alẹ́ tó ṣáájú. Bó bá sì béèrè ọ̀rọ̀, òun fúnra rẹ̀ ni kí ẹ kọjú sí, kí ẹ dá lóhùn, bó tilẹ̀ mú ọmọ rẹ̀ dání.