Mami Wata: Òótọ́ Ni Tàbí Àròsọ?

Ìbéèrè kan wà tí a ti ń gbọ́ láti kékeré: ǹjẹ́ obìnrin tí ó jẹ́ ènìyàn láti orí dé ìbàdí, tí ìyókù ara rẹ̀ sì jẹ́ ẹja, wà nínú omi ní tòótọ́? Èrò tèmi ni pé kò sí.

Ní oṣù kìíní ọdún 1493, Christopher Columbus ní òun rí mẹ́ta nínú wọn nítòsí erékùṣù Hispaniola, ṣùgbọ́n wọn kò lẹ́wà tó bí wọ́n ṣe ń yà wọ́n nínú àwòrán. Àwọn onímọ̀ gbà pé ẹran omi tí à ń pè ní manatee ni ó rí. Irú rẹ̀ wà nínú odò Ọya àti Bẹ́núé. Koríko ni ó ń jẹ, ó ń yọrí sókè láti mí, ó sì ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú. Ìtòsí abíyá ni ọmú náà wà. Ẹni tí ó bá rí i lójijì ní ìrọ̀lẹ́ lè búra pé ènìyàn ni.

Àwòrán obìnrin onírun gígùn tí ejò wé mọ́ lára, tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí Mami Wata ńkọ́? Ìlú Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1885. Òṣèré tí ń fi ejò dá àwọn ènìyàn lára yá ni obìnrin inú rẹ̀. Ní ọdún 1955, wọ́n tún tẹ ẹ̀dà 12,000 rẹ̀ ní Bombay, ní ilẹ̀ Íńdíà, fún títà ní Áfíríkà.

Ẹnìkan lè bi mí pé, “Ṣé Yemọja náà kò sí ni?” Rárá o. Ọ̀tọ̀ ni Yemọja, ọ̀tọ̀ ni Mami Wata. Òrìṣà odò Ògùn ni Yemọja, ìyá tí ọmọ rẹ̀ pọ̀ bí ẹja. Ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ sì ni tirẹ̀. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ.

Ohun tí ó dùn mí jù ni ìyà tí àròsọ yìí ń fi jẹ àwọn aláìṣẹ̀. Bí obìnrin kò bá tètè lọ́kọ, tàbí tí kò tètè bímọ, wọn a ní ó ní ọkọ nínú omi. Bí wárápá bá ń gbé ọmọdé, wọn a ní ẹgbẹ́ rẹ̀ lódò ni ó ń pè é. Dípò kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọn a fi ebi àti pàṣán lé ẹ̀mí òkun jáde lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a máa pa ìtàn náà fún àwọn ọmọ wa, nítorí ó dùn, ó sì ń kọ́ wọn láti bẹ̀rù ibú. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìtàn jẹ ọmọ ẹlòmíràn níyà. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.