Òmùwẹ̀ Náà Yóò Wọ Jákẹ́ẹ̀tì

Tarkwa Bay wà lẹ́nu ọ̀nà èbúté Èkó, níbi tí ọ̀sà ti ń pàdé òkun Àtìláńtíìkì. Ògiri òkúta tí ìjọba amúnisìn kọ́ wọ inú òkun, kí ọkọ̀ ńlá lè rí ọ̀nà wọlé, ló mú kí omi ibẹ̀ rọlẹ̀ ju ti àwọn etíkun tó kù lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Surulere, Yaba àti Mushin fi ń rọ́ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi. Títì kò débẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀ láti èbúté CMS tàbí ti Tarzan.

Bí ọkọ̀ kan bá ti dojú dé báyìí, àhesọ tó máa ń gba ìgboro ni pé àwọn tó kú kò mọ odò wẹ̀ ni. Irọ́ tó ń pa èèyàn nìyí. Ẹni tó gbà á gbọ́, tó sì ti kọ́ ìwẹ̀ ní Rowe Park ní Yaba, á ká ẹ̀wù ìléfòó, ìyẹn life jacket, á fi ṣe tìmùtìmù lórí pákó ọkọ̀. Jíjókòó lé e yìí gan-an ń tẹ fóòmù inú rẹ̀ pa, débi pé ó lè má lè gbé èèyàn léfòó dáadáa mọ́.

Omi Rowe Park kì í ṣàn. Ògiri rẹ̀ kò jìnnà sọ́wọ́, ìsàlẹ̀ rẹ̀ hàn kedere, kò sì sí ọkọ̀ tó ń já bọ́ léni lórí níbẹ̀. Ọkọ̀ tó bá dojú dé lè gbá èèyàn lórí kó tó kan omi, ẹni tó dákú kì í sì í lúwẹ̀ẹ́. Ẹni tí kò dákú ńkọ́? Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ tí ẹ̀rù ń bà á dì mọ́ ọn lọ́rùn, jíǹsì rẹ̀ á sì wúwo. Lọ́jọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 2024, nígbà tí òṣèré Junior Pope kú sínú Odò Ọya ní Anam, ìpínlẹ̀ Anambra, ṣe ni ọkọ̀ tó gbé e forí sọ òmíràn. Irú ìforígbárí bẹ́ẹ̀ kì í béèrè ẹni tó mọ odò wẹ̀.

Ní ìhà òkun gbangba, ìṣàn tó ń wọ́ èèyàn kúrò létí omi lè yára ju mítà 2 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Òmùwẹ̀ Olympics pàápàá kò lè bá a du. Ẹni tó bá kó sí i kò gbọdọ̀ dojú kọ iyanrìn. Kó máa lúwẹ̀ẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́, ní ìbú etíkun, títí yóò fi bọ́.

Àwọn tó ń gbé awò ojú àti túùbù ìmí lọ sí Tarkwa Bay láti wo ẹja kò ní rí púpọ̀, nítorí ẹrẹ̀ ọ̀sà ń da omi rú. Síbẹ̀, omi tó mọ́ pàápàá gba ìṣọ́ra: ní Hanauma Bay ní Hawaii, tí omi rẹ̀ mọ́ tí ìjọba sì ń dáàbò bò, láti ọdún 2002 ni àlejò tuntun ti ní láti wo fíìmù ìtọ́sọ́nà kó tó fẹsẹ̀ kan omi.

Ní Èkó, LASWA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀nà omi ìpínlẹ̀ náà, ti ka ìrìn òru àti àpọ̀jù èrò léèwọ̀. Ọtí náà kò yẹ ẹni tó fẹ́ wọ ọkọ̀.

Ẹgbẹ́ tó lè dá aṣọ etíkun lè dá owó jákẹ́ẹ̀tì. Kí wọ́n ka iye jákẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó sanwó ọkọ̀, kí ti ọmọdé jẹ́ ìwọ̀n ọmọdé, kí kálukú de okùn tirẹ̀ pinpin. Bí atukọ̀ bá ní jákẹ́ẹ̀tì ti tán, kí gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀, àti òmùwẹ̀, àti ẹni tí kò mọ odò wẹ̀.