Ẹ tẹ àyà rẹ̀ kí ẹ tó wá alùpùpù



Ká sọ pé ọjọ́ ọjà ni. Bàbá kan ń ná iṣu. Lójijì, ó ṣubú. Ẹ pè é, kò dáhùn. Ẹ gbọ̀n ọ́n léjìká, kò mira. Ẹ wo àyà rẹ̀, kò mí. Tàbí ó ń ya ẹnu lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹja tí a mú jáde nínú omi. Ìyẹn kì í ṣe èémí. Ọkàn tó ń lù láyà rẹ̀ ti dúró.

Kí ni a máa ń ṣe? Ọ̀kan á bu omi sí i lójú. Òmíràn á máa fi ṣíbí la eyín rẹ̀. Òmíràn á béèrè pé ta ló ṣe é fún un. Àwọn yòókù á sáré wá alùpùpù. Mo ní èyí kò dára. Bí ọkàn bá dúró, ẹ̀jẹ̀ kò dé ọpọlọ mọ́. Bí ìṣẹ́jú 4 sí 6 bá kọjá, ọpọlọ ti ń bàjẹ́. Alùpùpù wo ló máa dé ilé ìwòsàn kí ìṣẹ́jú 4 tó pé?

Ẹ rán ẹnìkan kí ó pe oníṣègùn. Ẹ̀yin, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí ilẹ̀ líle, kí ó kọjú sókè. Ẹ kúnlẹ̀ tì í. Ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ kan sí àárín àyà, ẹ gbé ọwọ́ kejì lé e, ẹ na apá gbọọrọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5, kó má ju 6 lọ. Ẹ jẹ́ kí àyà padà sókè, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Ìgbà 100 sí 120 ni ní ìṣẹ́jú kan: ó yá ju ọmọ odó ẹni tó ń gún iyán lọ. Ó ń rẹni. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 2, kí ẹlòmíràn gbà á. Ẹ má dáwọ́ dúró títí yóò fi mí, tàbí tí oníṣègùn yóò fi dé.

Láti ọdún 1960 ni àwọn onímọ̀ ní Baltimore, ní Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ọwọ́ méjì tó fún iṣẹ́ yìí.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà wá kí ẹbí má sọ pé àwa la pa á. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lù mọ́, kí ló tún burú ju ìyẹn lọ? Egungun ìhà lè kán. Egungun a máa jinná. Bó bá sì jẹ́ obìnrin ló ṣubú, ojú a máa ti ọkùnrin láti fọwọ́ kan àyà rẹ̀. Ẹ gbọ́, ìyá ẹnìkan ló ń kú lọ yẹn! Kí ìtìjú lọ dúró sẹ́yìn ilé ná.

Ti ọmọdé àti ti ẹni tó rì sómi yàtọ̀ díẹ̀: a ó fi ẹnu wa fẹ́ èémí sí wọn lẹ́nu pẹ̀lú. Ẹ ní kí oníṣègùn abúlé yín fi hàn yín lọ́jọ́ ìpàdé, lórí àpò tí a fi koríko kún. Ẹ má dán an wò lára ẹni tó ń mí.