Èkó sí Salvador: Kì í Ṣe Òkun Ló Dí Wa Lọ́nà

Láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù, bí a bá gba ojú òfurufú tààrà, tó nǹkan bí 5,000 kìlómítà. Láti Èkó dé Salvador, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Bahia ní Bràsíl, tó nǹkan bí 5,100. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kò ju ìrìn Èkó sí Ìbàdàn lọ. Bàálù ń lo bí wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù. Bí wákàtí méje ni ì bá lò dé Salvador.

Ṣùgbọ́n ẹ lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wo ohun tí ojú yín yóò rí. Ìwọ̀-oòrùn ni Bràsíl wà sí wa, síbẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tó wà nílẹ̀ ni pé kí ẹ kọ́kọ́ fò lọ sí ìlà-oòrùn, 3,900 kìlómítà dé Addis Ababa. Láti ibẹ̀, ẹ ó fo nǹkan bí 9,900 dé São Paulo, kí ẹ tó tún wọ bàálù mìíràn lọ sí Salvador. Àpapọ̀ rẹ̀ lé ní 15,000 kìlómítà, ìlọ́po mẹ́ta ọ̀nà tààrà! Ẹni tó bá sì fẹ́ gba Yúróòpù kọjá lè nílò físà, bí kò tilẹ̀ ní jáde kúrò ní pápákọ̀ òfurufú.

Bó bá jẹ́ ìlú àjèjì ni, à bá panu mọ́. Àmọ́ lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Malê tó wáyé ní Salvador lọ́dún 1835, ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí a ti kó lẹ́rú wọkọ̀ padà sí Èkó. Àwọn àti irú wọn ló sọ Pópó Àgùdà di àdúgbò. Títí dòní ni wọ́n ń din àkàrà ní òpópónà Salvador, acarajé ni wọ́n ń pè é. Ọkọ̀ onígbòkun ayé ìgbà náà ń gba ojú òkun lọ tààrà. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Kí ló dé tí àwa ń yí gbogbo ayé ká kí a tó dé ilé ìbátan wa?

Àwọn oníṣòwò yóò ní èrò kò tó. Mo gbà pé a kì í fi ìtàn ra epo bàálù. Ṣùgbọ́n ta ló lè ka èrò ojú ọ̀nà tí a kò tíì là?

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú lọ sí Bràsíl, ìjọba méjèèjì sì fọwọ́ sí àdéhùn ìrìnnà òfurufú. Ó dára, àmọ́ São Paulo ni ìlú tí wọ́n ń dárúkọ. Kí ìjọba dín owó tí bàálù ń san ní pápákọ̀ kù fún ọdún méjì, kí bàálù kan máa lọ sí Salvador lẹ́ẹ̀kan péré lọ́sẹ̀. Bí èrò kò bá wá lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n dá a dúró, èmi náà yóò sì dákẹ́. Títí di ìgbà náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún wa mọ́ pé Bràsíl jìnnà.