Owó-orí Òṣìṣẹ́ Tí Kò Dé Àpò Ìjọba

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilé ìwé l'Ẹ́gbẹ̀dá tàbí ilé búrẹ́dì n'Íkòtún, ọ̀rọ̀ yín là ń sọ. Ọ̀gá tó bá yọ owó-orí lára owó oṣù òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ san án fún LIRS, iléeṣẹ́ agbowó-orí ìpínlẹ̀ Èkó, kí ọjọ́ 10 oṣù tó tẹ̀ lé e tó kọjá. Owó náà kì í ṣe tiyín mọ́. Àmọ́ tí epo jẹnẹrétọ̀ bá tán, òun lẹ máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí, ìtanràn àti èlé á sì máa gorí ara wọn.

Bí lẹ́tà LIRS bá dé, ẹ má fi pamọ́. Ọjọ́ 30 péré lẹ ní láti kọ̀wé takò iye tí wọ́n bù lé yín. Ẹ má gbówó fún ẹni tó ní òun mọ èèyàn lọ́hùn-ún. Ẹ wá ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí CITN, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ owó-orí, tàbí akáńtáǹtì tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ICAN. Á yẹ ìwé owó oṣù wò, á tún ìṣirò ṣe, á sì bá yín béèrè bóyá ẹ lè san án díẹ̀díẹ̀.

Òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2026 ti yọ ẹni tí owó rẹ̀ lọ́dún kò ju ₦800,000 lọ kúrò nínú owó-orí yìí. Ìyẹn kò pa gbèsè àtẹ̀yìnwá rẹ́.